Màmá mi ní Ẹ̀pẹ́: gìgísẹ̀ ń dùn wọ́n láràárọ̀, kókósẹ̀ tún wá rọ́. Ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Ọmọ Elẹ́ja Olúwo

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ màmá mi ló gbé mi wá. Ọjà Olúwo níbí ní Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti ń ta ẹja. Láti ìdájí tí ọkọ̀ ẹja bá ti gúnlẹ̀ ni wọ́n ti máa ń dúró lórí kọnkéré, sílípáàsì pẹlẹbẹ lẹ́sẹ̀, wọn kì í sì í jókòó títí oòrùn á fi kan àtàrí. Ó ti ṣe díẹ̀ báyìí tí gìgísẹ̀ ọ̀tún ti ń dùn wọ́n. Ohun tí kò yé mi ni pé ìgbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ló máa ń le jù. Wọ́n á gbé ẹsẹ̀ kalẹ̀, wọ́n á pariwo, wọ́n á di ògiri mú. Bí wọ́n bá rìn díẹ̀ nínú ilé, á rọlẹ̀. Bí wọ́n bá tún jókòó pẹ́ tí wọ́n dìde, ó ti dé nìyẹn.

Ibi tí a ti ń ro ti ìyẹn lọ́wọ́ ni wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀ létí omi ní Ọjọ́bọ̀, ilẹ̀ ń yọ̀, ẹsẹ̀ òsì yí sínú, wọ́n sì ṣubú. Ẹ̀gbẹ́ ìta kókósẹ̀ ti wú, ó sì ti ń dúdú. Àwọn kan ládùúgbò ní ká fi omi gbígbóná àti òrí fà á. Àwọn kan ní ká gbé wọn lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń to egungun. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ká ṣe? Ṣé ibì kan náà ni ìrora méjèèjì ti ń wá?

Ìyá Ìbejì Àyétòrò

Ọmọ mi, ẹ kú ìtọ́jú màmá. Ọlọ́run á fún wọn lálàáfíà. Omi gbígbóná ni o. Ẹ ki aṣọ bọ̀ ọ́, ẹ fún un, ẹ fi tẹ ojú ibẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ fi òrí fà á dáadáa kí ẹ̀jẹ̀ tó dì síbẹ̀ lè tú. Báyìí làwọn ìyá wa ṣe ń ṣe é. Bí wọ́n bá ké, ẹ má dá wọn lóhùn, ẹ ṣáà máa fà á.

Físíò Ọmọ Pópó-Ọba

Màmá Ìbejì, ẹ kú àdúrà, ẹ kú ìfẹ́. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má kà á sí pé mò ń tako àgbà. Ẹsẹ̀ tó rọ́ ní Ọjọ́bọ̀, tó ṣì ń wú lónìí, a kì í fi omi gbígbóná sí i, a kì í sì í fà á. Iṣẹ́ físíò ni mò ń ṣe, ìyẹn ìtọ́jú iṣan àti oríkèé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lábẹ́ awọ ibẹ̀, ìdí ọ̀rọ̀ mi á wá hàn.

Egungun 26 ló wà nínú ẹsẹ̀ kan, láti gìgísẹ̀ dé orí ọmọ ìka. Ẹsẹ̀ méjèèjì jẹ́ 52, bẹ́ẹ̀ gbogbo egungun tó wà lára àgbàlagbà kò ju 206 lọ. Méje tó ki pọ́pọ́ wà lẹ́yìn àti láàárín, márùn-ún gígùn tẹ̀ lé wọn, mẹ́rìnlá kéékèèké sì wà nínú àwọn ọmọ ìka: méjì nínú àtàǹpàkò, mẹ́ta mẹ́ta nínú ìyókù. Oríkèé 33 ló wà láàárín wọn. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ní "ẹsẹ̀ ń dun mi", kò tíì sọ nǹkan kan fún mi. Ibo gan-an ló ń dùn ún? Ìgbà wo? Ìyẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ béèrè.

Kókósẹ̀ ni ibi tí egungun mẹ́ta ti pàdé. Egungun ojúgun méjì ló sọ̀ kalẹ̀ wá, èyí tó tóbi wà lápá inú, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ wà lápá ìta. Kókó tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì jẹ́ ìdí àwọn egungun yẹn. Ẹ fọwọ́ kan tiyín níbi tí ẹ jókòó sí: ẹ ó rí i pé ti ìta rẹlẹ̀ ju ti inú lọ. Ẹ̀kẹta há sáàárín wọn, òun ni àwọn dókítà ń pè ní talus. Gbogbo ìwúwo ara, orí rẹ̀ ló ń gbà kọjá, síbẹ̀ kò sí iṣan ẹran kan tó lẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn okùn líle tó so egungun mọ́ egungun nìkan ló dì í mú. Oríkèé yìí ló ń jẹ́ kí ẹ lè tẹ ẹsẹ̀ sókè sísàlẹ̀. Ibi tí talus ti jókòó lé egungun gìgísẹ̀ lórí, nísàlẹ̀ rẹ̀, ni ẹsẹ̀ ti ń yí sínú àti síta, tí a fi lè rìn lórí òkúta àti nínú pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ láìṣubú.

Wàyí o, kí ló dé tó fi jẹ́ pé inú ni ẹsẹ̀ màmá yí sí, bíi ti ọ̀pọ̀ ènìyàn? Nítorí pé egungun ìta tó rẹlẹ̀ yẹn ò jẹ́ kó yí síta bọ̀rọ̀, okùn tó wà lápá inú sì fẹ̀, ó nípọn. Okùn mẹ́ta tí kò nípọn tó bẹ́ẹ̀ ló wà lápá ìta, èyí tó wà níwájú nínú wọn ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ já. Bó bá ti já, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín tó wà nítòsí á já pẹ̀lú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á máa jò sábẹ́ awọ. Dúdú tí ẹ ń rí nìyẹn. Omi gbígbóná á la àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ yẹn sílẹ̀ sí i, ọwọ́ tó ń fà á á sì tún ohun tó fẹ́ san já. Ìdí tó fi máa ń wú sí i lọ́jọ́ kejì tí wọ́n bá fà á nìyẹn.

Fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́: kí màmá fi ẹsẹ̀ lé orí ìrọ̀rí títí yóò fi ga ju àyà lọ bí wọ́n bá dùbúlẹ̀. Yìnyín tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹja ní Olúwo wúlò níbí. Ẹ fi aṣọ wé e, ẹ gbé e lé e fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, ẹ gbé e kúrò, kí ó tó wákàtí méjì kí ẹ tó tún un ṣe. Kò gbọ̀dọ̀ kan awọ lásán. Ẹ fi bándéèjì rírọ̀ wé e láti ọmọ ìka lọ sókè, ẹ má fún un pa.

Mo fẹ́ fi kan kún un, torí pé àwọn kan ṣì ń dá ènìyàn dùbúlẹ̀ fún oṣù kan lórí ẹsẹ̀ tó rọ́. Dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Gabe Mirkin, ló gbé ìlànà ìsinmi, yìnyín, bándéèjì àti gbígbé ẹsẹ̀ sókè jáde ní 1978. Òun fúnra rẹ̀ ló padà sọ ní 2014 pé yìnyín púpọ̀ àti ìsinmi gígùn lè dá ìwòsàn dúró. Yìnyín wà fún ìrora ọjọ́ àkọ́kọ́ ni. Bí egungun ò bá dá, ó yẹ kí ẹsẹ̀ ti máa mira láàárín ọjọ́ mélòó kan.

"Bí egungun ò bá dá" yẹn gan-an ló ṣe pàtàkì. Ní 1992 àwọn dókítà ní ìlú Ottawa, ní Kánádà, gbé ọ̀nà kan jáde tí a fi ń mọ ẹni tó yẹ kó lọ ya X-ray. Ọmọ Elẹ́ja, ẹ bá mi ṣe é fún màmá nísinsìnyí. Ẹ fi ìka kan ṣoṣo tẹ ibi mẹ́rin. Ibi kìn-ín-ní ni kókó ìta láti ẹ̀yìn, láti ìdí rẹ̀ lọ sókè bíi sẹ̀ǹtímítà 6. Ibi kejì ni kókó inú, bákan náà. Ìkẹta ni egungun tó yọ díẹ̀ lápá inú ẹsẹ̀, níwájú kókó inú. Ìkẹrin ni egungun tó yọ ní àárín ẹ̀gbẹ́ ìta ẹsẹ̀, tí ẹ bá tọ ìka tó kéré jù wá sẹ́yìn. Egungun ni kí ẹ tẹ̀, kì í ṣe ibi tó wú. Lẹ́yìn náà kí wọ́n gbìyànjú ìṣísẹ̀ mẹ́rin láìdi nǹkan mú, bí wọ́n bá tilẹ̀ ń tiro. Bí ọ̀kan nínú àwọn egungun yẹn bá dùn wọ́n, tàbí tí wọn ò lè rìn ìṣísẹ̀ mẹ́rin lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀ àti lónìí, X-ray ni. Ẹ padà wá sọ fún wa.

Màá wá sórí gìgísẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ ni, kò sí nínú ilé kan náà.

Ìyá Ìbejì Àyétòrò

Mo gbọ́ o, ọmọ mi. Mo fọwọ́ kan kókósẹ̀ mi, òótọ́ ni, ti ìta rẹlẹ̀. Tó bá wá pé ọ̀sẹ̀ kan ńkọ́? Ṣé a lè fà á nígbà náà?

Físíò Ọmọ Pópó-Ọba

Bí wíwú bá ti rọlẹ̀ tí a sì mọ̀ pé kò dá, ẹ lè fi òrí pa á lára jẹ́jẹ́ mà, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ náà kò burú nígbà náà. Ohun tí mi ò fẹ́ ni fífà tí ń mú ènìyàn ké.

Bàbá Ìtọ́ìkín

Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé, ẹ rọra o. Bàbá tó bí bàbá mi ń to egungun, ó to ti ènìyàn tí ọsibítù ní kí wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n á ṣẹ́ adìẹ lẹ́sẹ̀, wọ́n á máa tọ́jú rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú aláìsàn, ọjọ́ tí adìẹ bá rìn, aláìsàn á rìn. Ojú mi ló ṣe. Ẹ má kọ́ àwọn ènìyàn láti pa ìmọ̀ ilé tì.

Físíò Ọmọ Pópó-Ọba

Bàbá, ẹ ṣé gan-an ni. Mi ò ní sọ pé èyí tí ojú yín rí kì í ṣe òótọ́. Egungun apá tó ṣẹ́ ní tààrà, tí kò kúrò ní ipò, á san bí wọ́n bá dè é kó má mira. Kókósẹ̀ yàtọ̀, sà. Inú oríkèé ni, ibi tí egungun ti ń yí lórí egungun. Ní 1976, Ramsey àti Hamilton wọn èyí: bí talus bá yẹ̀ síta ní mílímítà kan péré, ojú ibi tí egungun ti ń pàdé ara wọn á dínkù ní ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún. Gbogbo ìwúwo ara á wá rọ̀ sórí ìba tó kù, oríkèé á sì jẹ lọ́dún mélòó kan sí i. Kò sí ọwọ́ tó lè mọ mílímítà kan láti orí awọ tó wú, ọwọ́ tèmi gan-an ò lè mọ̀ ọ́n. Ìdí tí a fi ń ya fọ́tò nìyẹn.

Ohun kejì ni ìdè. Igi àti aṣọ tí wọ́n dì pa, tí ẹsẹ̀ sì ń wú lábẹ́ rẹ̀, ló ń sọ ọ̀pọ̀ ènìyàn di ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ìdè lẹ́sẹ̀, ì báà jẹ́ POP, ìdè funfun líle ti ọsibítù, kó máa wo ọmọ ìka rẹ̀. Bó bá tutù, bó bá funfun tàbí tó dúdú, bó bá kú tí kò mọ ìfọwọ́kàn, tàbí tí ìrora ń pọ̀ sí i bí ẹni fi nǹkan gún un, kí wọ́n tú u lójú ẹsẹ̀ kí wọ́n sì sáré lọ sí ọsibítù. Kì í ṣe ti ọ̀la. Ibi méjì wà tí ẹ ti lè fi ìka mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ ń dé ẹsẹ̀: òkè ẹsẹ̀ ní ìlà àárín àtàǹpàkò àti ìka kejì, àti ẹ̀yìn kókó inú. Ẹ̀jẹ̀ máa ń lù níbẹ̀ bó ṣe ń lù ní ọrùn ọwọ́.

Awakọ̀ Ojú Omi

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Tèmi kì í ṣe rírọ́ o. Ẹ̀gún ọ̀bọ̀kún ló máa ń gún àwa tí a wà lórí omi lẹ́sẹ̀. Ó ń ta ènìyàn débi pé àgbàlagbà á sunkún. Àwọn àgbà létí omi máa ń ní ká ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná. Ẹ̀yin sì ní omi gbígbóná kò dáa. Èwo ni ká gbà?

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀pẹ́

Àwọn àgbà yẹn tọ̀nà, ọ̀rọ̀ wọn kò sì ta ko ti Físíò. Oró ló wà lára ẹ̀gún àwọn ẹja àrọ̀ àti ọ̀bọ̀kún, ooru sì máa ń ba oró yẹn jẹ́. Ẹ ki ẹsẹ̀ bọ omi tó gbóná bí ara ṣe lè gbà á, tí kò lè bó ènìyàn, fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan àti ààbọ̀. Ẹ fi ìgúnpá tàbí ẹsẹ̀ kejì tí ẹ̀gún kò gún dán an wò ná, torí pé ẹsẹ̀ tí oró wà lè má mọ bí ó ti gbóná tó. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ojú ibẹ̀ bóyá ẹ̀gún ṣẹ́ sínú. Bó bá ṣẹ́ sínú, ẹ má fi abẹ wá a nílé. Kí ẹ sì lọ gba abẹ́rẹ́ ìpá, èyí tí wọ́n ń pè ní tẹ́tánọ́ọ̀sì. Ojú egbò kékeré, tó jìn, tó dí lórí, ni kòkòrò ìpá fẹ́ràn.

Kí n má bọ́ sílẹ̀ láìsọ èyí: ẹni tó bá ní àtọ̀gbẹ kò gbọ̀dọ̀ ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná rárá, ti ẹ̀gún tàbí ti àárẹ̀. Ṣúgà tó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ máa ń ba àwọn iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára jẹ́, ẹsẹ̀ ló sì ń kọ́kọ́ bá, torí pé àwọn iṣan ẹsẹ̀ ló gùn jù. Ẹsẹ̀ á máa jó ènìyàn lóru, lẹ́yìn náà kò ní mọ nǹkan mọ́. Mo ti tọ́jú ẹni tí ìṣó wà nínú bàtà rẹ̀ láti àárọ̀ tí kò mọ̀. Mo ti rí ẹni tí eku jẹ lẹ́sẹ̀ lóru. Ẹ mọ̀ pé wọ́n ní eku a máa jẹ, a máa fẹ́ ẹ; ti alátọ̀gbẹ, kò tilẹ̀ nílò kí ó fẹ́ ẹ. Ẹ máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ àti àárín ọmọ ìka lálaalẹ́. Ẹni tí kò bá lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kó gbé dígí sílẹ̀ tàbí kó ní kí ọmọ wò ó fún òun. Ẹ gbọn bàtà kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Ẹ má fi abẹ gé kókó àtẹ́lẹsẹ̀. Egbò kékeré tí kò bá dun ènìyàn ló yẹ kó bà á lẹ́rù jù.

Ọmọ Elẹ́ja, ṣé wọ́n ti yẹ ṣúgà màmá wò rí?

Ọmọ Elẹ́ja Olúwo

Ẹ ṣé gan-an. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dún yìí, ó dáa.

Mo ti tẹ ibi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kókó ìta wú o, àmọ́ bí mo ṣe tẹ egungun rẹ̀, wọ́n ní kò dùn wọ́n tó bí mo ṣe rò. Kókó inú kò dùn. Ìkẹta kò dùn. Nígbà tí mo tẹ ìkẹrin, èyí tó wà láàárín ẹ̀gbẹ́ ìta ẹsẹ̀, wọ́n fa ẹsẹ̀ gbà mọ́ mi lọ́wọ́. Wọ́n rìn ìṣísẹ̀ mẹ́rin, wọ́n ń tiro gidi.

Físíò Ọmọ Pópó-Ọba

Ẹ gbé wọn lọ ya X-ray lọ́la. Ọsibítù ìjọba ti Ẹ̀pẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Ẹ sọ fún wọn pé ẹsẹ̀ pẹ̀lú kókósẹ̀ ni kí wọ́n yà, kì í ṣe kókósẹ̀ nìkan.

Iṣan kan wà tó sọ̀ kalẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ojúgun, ó gba ẹ̀yìn kókó ìta kọjá, ó wá lẹ̀ mọ́ ìdí egungun gígùn tó so mọ́ ìka tó kéré jù. Bí ẹsẹ̀ bá yí sínú lójijì, iṣan yẹn á fà, nígbà mìíràn á sì já èèpá egungun náà kúrò níbi tó lẹ̀ mọ́. Kókósẹ̀ tó wú ni gbogbo ènìyàn ń wò, wọn kì í tẹ ibẹ̀. Bó bá jẹ́ òun ni, ẹ má bẹ̀rù, ó sábà máa ń san dáadáa láìṣe iṣẹ́ abẹ.

Kóòṣì Ọmọ Wẹ́wẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba ọ̀rọ̀ tèmi wọlé. Àwa tí a ti lé ní ogójì ọdún tí a ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Sátidé. Ọ̀rẹ́ mi kan ń sáré, kò sí ẹni tó kàn án, ó gbọ́ "pàá!" lẹ́yìn ẹsẹ̀, ó yíjú pa dà pé ta ló gbá òun nípàá. Kò lè fi ọmọ ìka dúró mọ́. Ẹnì kan ní pajápajá ni. Kí ni?

Físíò Ọmọ Pópó-Ọba

Kóòṣì, ìyẹn kì í ṣe pajápajá. Iṣan gìgísẹ̀ ló já, iṣan tó nípọn jù tó sì lágbára jù ní ara ènìyàn. Òun ló so ẹran ẹ̀yìn ojúgun mọ́ egungun gìgísẹ̀, òun la sì fi ń gbé ara nílẹ̀ bí a bá ń rìn. Kí ó dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, kí ẹsẹ̀ ré kọjá etí bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ fi ọwọ́ fún ẹran ẹ̀yìn ojúgun. Ti ẹsẹ̀ tó dáa, àtẹ́lẹsẹ̀ á mira sísàlẹ̀. Ti èyí tó já, kò ní mira. Ọsibítù lọ́jọ́ náà ni, torí pé bó bá pẹ́, ojú méjèèjì iṣan á jìnnà síra wọn.

Ẹ sì bi í bóyá ó lo ṣípíró, oògùn tó ń pa kòkòrò àìsàn, láìpẹ́ yìí. Mo mọ̀ pé a máa ń rà á ní kẹ́míìsì fún ikùn, fún taifọ́ọ̀dù, fún gbogbo nǹkan, láìrí dókítà. Láti 2008 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti ní kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ tó le jù sára ìdílé oògùn yẹn nítorí pé ó lè sọ iṣan di ẹlẹgẹ́ kó sì já, pàápàá fún ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tàbí tó ń lo oògùn sítẹ́rọ́ọ̀dù pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tí dókítà bá kọ ọ́ fún kó lò ó. Bí ẹ̀yìn gìgísẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, kó pa dà lọ sọ fún dókítà kíákíá, kó má sì gbá bọ́ọ̀lù.

Ìyá Tuntun

Ẹ̀gbọ́n mi bímọ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹsẹ̀ méjèèjì ọmọ náà tẹ̀ sínú. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní kí wọ́n máa fà á bí wọ́n bá ń wẹ̀ ẹ́, pé á nà. Ṣé òótọ́ ni?

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀pẹ́

Bí ẹ bá fi ọwọ́ rọra tì í tó sì nà délẹ̀, bí ó ṣe ká sínú ikùn ni, á tọ́. Bí kò bá nà, tí gìgísẹ̀ sì wà lókè, fífà nílé ò lè tún un ṣe. Ẹ má dúró kí ó dàgbà. Dókítà kan, Ignacio Ponseti, ní Yunifásítì Iowa, ló gbé ọ̀nà tí gbogbo ayé ń lò báyìí kalẹ̀: wọ́n á máa fi POP rọra tún ẹsẹ̀ náà ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bíi márùn-ún sí méje, nítorí pé okùn ẹsẹ̀ ọmọ tuntun ṣì rọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn á nílò kí wọ́n gé iṣan gìgísẹ̀ díẹ̀, ó sì máa ń hù pa dà. Lẹ́yìn náà ni bàtà onírin tí wọ́n á máa wọ̀ sùn títí ọmọ á fi tó bí ọdún mẹ́rin. Bàtà yẹn ló máa ń sú àwọn òbí, ẹsẹ̀ á sì tún tẹ̀. Ẹ bá ẹ̀gbọ́n yín sọ ọ́ láti ìsinsìnyí. Ọsibítù egungun ìjọba àpapọ̀ ní Ìgbóbì, tó ti wà láti 1945, ni wọ́n lè darí yín sí bí ti Ẹ̀pẹ́ kò bá ní ẹni tó ń ṣe é.

Físíò Ọmọ Pópó-Ọba

Mo ní màá pa dà sórí gìgísẹ̀ màmá.

Àtẹ́lẹsẹ̀ kò tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ fi ẹsẹ̀ tútù tẹ kọnkéré gbígbẹ, ẹ ó rí i pé apá inú kò kan ilẹ̀. Àwọn egungun ibẹ̀ tẹ̀ kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀ bí ọrun ọdẹ, ọ̀já líle kan sì wà lábẹ́ wọn láti gìgísẹ̀ dé ìdí ọmọ ìka, tó ṣe iṣẹ́ ọsán fún ọrun yẹn. Bí a bá gbé ẹsẹ̀ tí àtàǹpàkò sì tẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀já náà á fà le, ẹsẹ̀ á sì le gbandi láti ti ara síwájú. Ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń dúró lórí kọnkéré láti ìdájí, nínú sílípáàsì pẹlẹbẹ, ọ̀já yẹn kò rí ìsinmi. Á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ níbi tó ti lẹ̀ mọ́ egungun gìgísẹ̀, lápá inú díẹ̀. Ẹ tẹ ibẹ̀ fún màmá, ẹ ó rí i.

Ìdí tó fi ń le láàárọ̀ ni pé bí a bá sùn, àtẹ́lẹsẹ̀ máa ń rọ̀ sísàlẹ̀, ọ̀já náà á súnkì ní gbogbo òru. Ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ á wá nà án lójijì. Nítorí náà, kí màmá nà án kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Kí wọ́n jókòó, kí wọ́n fi gèlè kọ́ abẹ́ ọmọ ìka, kí wọ́n fà á wá sọ́dọ̀ ara títí àtẹ́lẹsẹ̀ á fi le, kí wọ́n dì í mú bíi ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, kí wọ́n tú u, nígbà bíi mẹ́wàá. Lọ́sàn-án, kí wọ́n ti ọwọ́ mọ́ ògiri, ẹsẹ̀ tó ń dùn lẹ́yìn, orúnkún nà, gìgísẹ̀ nílẹ̀, kí wọ́n fara tì síwájú. Ẹran ẹ̀yìn ojúgun tó bá súnkì náà máa ń fa gìgísẹ̀. Ẹ fi omi sínú ọ̀rá tàbí ìgò oníke kékeré, kó dì, kí wọ́n máa fi àtẹ́lẹsẹ̀ yí i lórí ilẹ̀ lálẹ́.

Wọn ò gbọ̀dọ̀ fi ẹsẹ̀ lásán tẹ kọnkéré tàbí táìlì, nínú ilé pàápàá. Bí wọ́n bá yàwòrán gìgísẹ̀ tí wọ́n ní egungun kan hù níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dẹ́rù bà yín. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní egungun yẹn tí ibẹ̀ kò dùn wọ́n rárá. Ó máa ń pẹ́ o, ó lè tó oṣù mélòó kan, àmọ́ ọ̀pọ̀ ló ń san láàárín ọdún kan láìṣe iṣẹ́ abẹ. Ohun tó ń pa á lára ni kí wọ́n ṣe é fún ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n ní kò ṣiṣẹ́.

Aránbàtà Ìta Ọjà

Mo ń tún bàtà ṣe nítòsí Olúwo, mo sì mọ bàtà àwọn ìyá ẹlẹ́ja. Bàtà rọ́bà tí wọ́n ń wọ̀ nítorí omi, ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́, ó sì le. Ẹ mú un wá fún ẹni tó mọ iṣẹ́, kó fi fóòmù líle tó nípọn sínú, kí ó ga díẹ̀ ní gìgísẹ̀, kí ó kún kòtò àtẹ́lẹsẹ̀. Fóòmù rírọ̀ bíi ti ìrọ̀rí kò dáa, ó máa ń tẹ́ kíá. Ẹ lè tẹ́ rọ́bà kápẹ́ẹ̀tì àtijọ́ síbi tí màmá ń dúró sí. Bí ẹ bá fẹ́ ra bàtà, ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ lọ, torí pé ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀ nígbà náà. Kí àyè tó bí àtàǹpàkò ọwọ́ kan kù níwájú ọmọ ìka tó gùn jù, kí ẹ sì dúró nínú rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ẹsẹ̀ wọn kan ju èkejì lọ. Èyí tó tóbi ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Ẹ̀yin oníbàárà mi máa ń ní bàtà á ṣí. Bàtà tó fún yín lẹ́sẹ̀ ní ọjà, á fún yín nílé.

Ọmọ Elẹ́ja Olúwo

A ti dé láti ọsibítù. Físíò, ibi tí ẹ sọ gan-an ni. Èèpá kékeré ló já kúrò lára egungun yẹn, ó ṣì wà nítòsí ibi tó yẹ kó wà. Dókítà ní kò sí iṣẹ́ abẹ. Wọ́n fún wọn ní bàtà líle tó ga dé ojúgun àti ọ̀pá, wọ́n ní kí wọ́n pa dà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, àmọ́ wọ́n lè tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀ nínú bàtà yẹn bí ara bá ṣe gbà á. Àwọn ìyá tí wọ́n jọ wà ní ìsọ̀ ní àwọn á máa bá wọn ta ẹja, kí wọ́n má yọ ara wọn lẹ́nu.

Ìbéèrè mi kan ló kù. Ṣé kí wọ́n máa na gìgísẹ̀ ọ̀tún lọ? Ẹsẹ̀ òsì ńkọ́?

Físíò Ọmọ Pópó-Ọba

Ọlọ́run ṣeun. Kí wọ́n máa na ti ọ̀tún lọ láti òní, torí pé òun ló máa gbé ìwúwo jù báyìí. Kí bàtà ọ̀tún ga tó bàtà líle yẹn kí ìbàdí má bàa dùn wọ́n, aránbàtà lè fi nǹkan sí i. Ti òsì, ọmọ ìka nìkan ni kí wọ́n máa mì nínú bàtà fún ìsinsìnyí. Bí dókítà bá ti bọ́ ọ, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ kókósẹ̀ náà ní ìdúró: kí wọ́n dúró lórí ẹsẹ̀ yẹn nìkan níwájú tábìlì bí wọ́n bá ń fọ eyín, ọwọ́ nítòsí láti di tábìlì mú, títí wọ́n á fi lè ṣe é láìdi nǹkan mú. Àwọn okùn tó já máa ń gbàgbé ibi tí ẹsẹ̀ wà, ìdí tí ẹsẹ̀ tó rọ́ lẹ́ẹ̀kan fi ń rọ́ léraléra nìyẹn. Bí ẹ̀yìn ojúgun bá wú lójijì kí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó pé, tó le tó sì gbóná, ẹ má dúró dè mí níbí, ọsibítù ni kí ẹ gbé wọn lọ.